Àkàbà Tí Mabel So Ọkọ̀ Mọ́

Gbogbo wa la mọ ohùn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Mabel. Lójú omi Ìlàjẹ níbí, etí la fi ń dá ọkọ̀ mọ̀ kí ojú tó rí i. Ti ẹni tó ń ra edé lọ́tọ̀, ti àwọn òṣìṣẹ́ epo lọ́tọ̀. Ti Mabel máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó kú, bíi baba arúgbó tí tábà há lọ́fun. Bó bá ku díẹ̀ kó wọ Ìlú-Ìtùnú, àwọn ọmọdé á ti bọ́ sórí afárá pákó, wọ́n á máa ké "Àǹtí Mabel! Àǹtí Mabel!" Àwọn tó ń lu ọmọ wọn ní àlùbami á sì yára ti ẹgba bọ abẹ́ ẹní. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, bó ṣe rí gan-an ni mo sọ yẹn.

Èmi ni Ṣìkẹ́mi, ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ẹja ni mò ń yan tà. Ẹnu mi ò dùn, gbogbo ìlú ló mọ̀, mi ò sì ní torí pé ọ̀rọ̀ Mabel ni mo fẹ́ sọ kí n wá máa fi oyin pa ẹnu. Wọ́n ti sọ ọ́ káàkiri bí kò ṣe rí. Kí ẹni tó wà níbẹ̀ sọ tirẹ̀ náà.

Ọmọ Etikan ni Mabel. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ó pẹja títí tí epo rọ̀bì fi ba omi wọn jẹ́, ló bá ta ọkọ̀, ó ta àwọ̀n, ó fi rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Mabel ṣe tíṣà ní Igbókòdá fún ọdún mẹ́jọ. Ọmọ kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tí ojú rẹ̀ máa ń wú. Mabel bi í, ọmọ ní òun ṣubú ni. Ó tún bi í lóṣù kejì, ó tún ní òun ṣubú. Lọ́jọ́ kan ọmọ ò wá sílé ẹ̀kọ́ mọ́, nígbà tí Mabel fi máa dé ilé wọn, wọ́n ti sin ín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ìtàn yìí fún mi, a jọ ń họ ìpẹ́ ẹja lọ́wọ́, kò gbójú sókè títí tó fi sọ ọ́ tán. Nígbà tí ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń gbèjà àwọn ọmọdé ń wá ẹni tí yóò máa darí iṣẹ́ wọn ní abúlé mẹ́sàn-án lójú omi, ó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ó gba ọkọ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bá ìlú sọ̀rọ̀. Ìlú ìjọ ni wá. Àwọn baba tó fi àdúrà tẹ̀ ẹ́ dó fi lélẹ̀ pé ẹjọ́ wa kì í kọjá iwájú pẹpẹ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ á kúnlẹ̀, á jẹ́wọ́, ìjọ á ṣe "Àmín", ó parí. Bàbá Olówòkéré tó jẹ́ àgbà ìjọ dìde, ó ní àwọn gbọ́ ohun tí arábìnrin wí, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra, bí àwọn baba wa ṣe tọ́ wa nìyẹn. Mo dìde lẹ́yìn pátápátá. Mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí, àwọn kan wà nínú ìlú yìí tí wọn ò ní ọwọ́ òsì rárá." Mabel ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú níbí." Bí mo ṣe di ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ènìyàn méje ló ń yàn ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ wa ò le lẹ́nu: ẹni tó bá rí ọmọ tí ìyà ń jẹ, kó tẹ Mabel láago. Yóò wá. Kò sì ní dárúkọ ẹni tó pè é, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fi iná jó o. Bó bá dé, èbúté ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń gúnlẹ̀ sí. Á kí àwọn àgbà, á wá máa fẹsẹ̀ rìn lórí afárá láti ilé dé ilé, á jẹ pùpúrú níbí, á bá wọn ṣa edé lọ́hùn-ún, títí tí yóò fi dé ilé tó torí ẹ̀ wá. Ọgbọ́n tó ń dá nìyẹn, ọdún mẹ́rin ló fi dá a tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ń pè é. Obìnrin náà sì láyà. Ní abúlé kan, ọkùnrin kan fọ́ ọ létí débi pé gèlè rẹ̀ bọ́ sínú omi. Mabel fi àjẹ̀ ọkọ̀ yọ gèlè náà, ó fún omi inú rẹ̀ dànù, ó ní, "Ṣé ẹ ti ṣe tán? Ọmọ dà?" Ó mú ọmọ náà lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ wá kan ilé tèmi.

Jọọlá ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi ni. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Ó fẹ́ opó kan tó ti bí ọmọ obìnrin kan fún ọkọ àkọ́kọ́, Dùnníolúwa lorúkọ ọmọ náà. Jọọlá fẹ́ràn ìyàwó yẹn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọdún kẹta, ìyàwó kú sórí ìkúnlẹ̀, òun àti oyún inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Jọọlá ti mú ìgò ògógóró bí ẹni mú ọmọ. Ó ní Dùnníolúwa ló jẹ ìyá rẹ̀, pé orí burúkú ọmọ náà ló wọlé òun. Ọmọ ọdún mọ́kànlá!

Ó ń fi àjẹ̀ lù ú. Igi tí a fi ń wa ọkọ̀, ẹ wo bó ṣe fẹ̀ tó, ẹ wá wo ẹ̀yìn ọmọ. Ó la orí ọmọ lọ́jọ́ kan nítorí pé ẹja kan jóná. Lọ́jọ́ mìíràn, ó tẹ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ wáyà ààrò tó pọ́n yòò, títí tí awọ fi lẹ̀ mọ́ wáyà. Èmi ni mo fi òróró pa ọwọ́ náà. Mo sì dákẹ́! Èmi Ṣìkẹ́mi tí ń fẹnu ba ti gbogbo ayé jẹ́, tí mo jókòó nínú ìgbìmọ̀ Mabel, mo dákẹ́, torí ọmọ ìyá mi ni. Ìyá wa tó ń gbé lọ́dọ̀ mi sọ fún mi pé ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà. Mo gbà. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni mo ń dá omi ẹja nù láti ẹ̀yìn ilé, mo gbọ́ ohun tó dà bí ikọ́ ọmọdé lábẹ́ ilé Jọọlá. Gbogbo ilé wa ló wà lórí òpó, abẹ́ ilé, omi ni. Mo bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, mo tukọ̀ lọ síbẹ̀. Yéè! Dùnníolúwa ni Jọọlá so mọ́ òpó ilé láti ìgbà tí omi ti fà, ó wá fi í sílẹ̀ kí omi kún bá a. Omi ti dé àgbọ̀n rẹ̀. Ó ń na ọrùn, ó ń fi imú wá afẹ́fẹ́. Kò ké. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ké, ó ní Bọ̀ọ̀dá Jọọlá ní bí òun bá ké, àwọn á lo òpó tó jìn jù báyìí lọ. Mo fi ọ̀bẹ ẹja gé okùn, mo gbé e lọ sílé mi. Kò pé wákàtí kan, Jọọlá wọlé, ó fa ọmọ náà ní irun jáde níwájú ìyá wa. Ìyá wa wo ilẹ̀.

Ìgbà náà ni mo tẹ Mabel láago. Mo ní, "Mabel, àbúrò mi ni mo fẹ́ fi sùn." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n gba ìwé àṣẹ, kí n bá àwọn ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, a ó wá ní Ọjọ́bọ̀." Inú bí mi. Mo ní, "Ọjọ́bọ̀ wo? Bí o bá dé ní Ọjọ́bọ̀, kí o gbé pósí dání!" Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún un. Èmi ni mo fi ìtàn ọmọ kíláàsì rẹ̀ gún un lọ́kàn, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú ló dé, òun nìkan. Omi ti fà gan-an láàárọ̀ náà, gbéborùn, koríko orí omi burúkú yẹn, sì ti dí èbúté ṣọ́ọ̀ṣì pa. Ilé mi nìkan ló wà létí ibi tí omi ti jìn. Mabel lè dúró lókèèrè kí omi kún padà, kó wá gba ọ̀dọ̀ àwọn àgbà bó ti máa ń ṣe. Kò dúró. Ìkánjú ọmọ yẹn ló ń lé e. Tààrà ló wọ ilé mi, ó so okùn ọkọ̀ mọ́ àkàbà mi. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kú.

Gbogbo Ìlú-Ìtùnú ló gbọ́ ibi tó kú sí.

Mo ní, "Mabel! O ti pa wá! Kí ló dé tí o dúró síbí?" Ó wo okùn tó so mọ́ àkàbà. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ni. Ilé kẹrin sí tèmi ni ilé Jọọlá, ó ń tún àwọ̀n ṣe níwájú ilé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí afárá, gbì, gbì, gbì. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò kí ẹnikẹ́ni. Ààrò mi ló kọ́kọ́ dojú dé, ẹja, wáyà, eérú, gbogbo ẹ̀ wó sínú omi. Ó fi pẹlẹbẹ àdá gbá mi lẹ́nu, eyín mi méjì bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n! Ìwọ! Ìwọ tó pọ̀n mí!" Mabel bọ́ sí àárín wa. Ó ní, "Jọọlá, mi ò bá ẹ jà. Níbo lọmọ wà?" Jọọlá ju àdá, Mabel fi apá òsì gbà á. Mo rí egungun funfun kí ẹ̀jẹ̀ tó bò ó. Jọọlá tún gbé ọwọ́ sókè. Ẹyín iná kù nínú àwo ìkóná mi, mo gbé àwo náà, mo da gbogbo ẹ̀ sí i lójú. Ó ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń dúńbú, ó yí padà, ó sáré lọ sílé rẹ̀. Ó ń pariwo pé kí àlejò kan tó gba ọmọ lọ́wọ́ òun, òun á gbé e fún omi.

Àwọn ará ìlú ti tò sórí afárá. Ọkùnrin tó tó ogún. Kò sẹ́ni tó sún ẹsẹ̀. Bàbá Olówòkéré wá lọ lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn sì yí padà síbẹ̀ láti lọ gbàdúrà. Àdúrà! Ọkùnrin ń gbé ọmọ lọ pa lójú yín, ẹ ń kọrin! Mo ṣépè fún wọn lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì kó o kúrò, ẹ bá mi sọ fún wọn.

A bọ́ sínú ọkọ̀. Mo fi ìborùn mi di apá Mabel, ọwọ́ kan ló fi ń darí ẹ́ńjìnnì, ẹ̀jẹ̀ ń ro sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Jọọlá ti tu ọkọ̀ jáde sí ojú ọ̀sà, níbi tí omi tó ń fà ti ń sáré lọ sí òkun. Nígbà tí a sún mọ́ ọn, mo rí Dùnníolúwa ní ìdí ọkọ̀, Jọọlá ti fi okùn òkúta ìdákọ̀ró so ó lọ́rùn ẹsẹ̀. Ojú Jọọlá kan ti dí, èkejì pọ́n. Mabel pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Jọọlá, o kò tíì ṣe ohun tí kò ṣeé tún ṣe. Gbé ọmọ fún mi. Èmi ni mo gbé ọkọ̀ síbi tí kò yẹ, èmi ni kí o bínú sí." Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Mo ti yọ ọ̀bẹ ẹja mi lábẹ́ ìró.

Jọọlá wò mí. Ó wá gbé òkúta náà sókè.

Mo fò. Obìnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún, mo fi àyà balẹ̀ sórí ọkọ̀ rẹ̀, mo di ọmọ mú ní ẹsẹ̀. Mabel tìkára rẹ̀ fi ọkọ̀ tiwa gbún tirẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ gé okùn, mo ju ọmọ sínú ọkọ̀ wa, èmi náà fà wọ ibẹ̀. Jọọlá yọ àjẹ̀, orí mi ló fẹ́ fọ́, ọrùn Mabel ló bà. Mabel ṣubú sómi. Agbára tí Jọọlá fi ju àjẹ̀ náà dojú ọkọ̀ tirẹ̀ dé, òun náà ṣubú, àwọ̀n rẹ̀ dà lé e. Ọmọ omi ni Jọọlá, ó mọ̀wẹ̀ kó tó mọ ìrìn. Ṣùgbọ́n àwọ̀n ò mọ ẹni tó ni ín. Bó ṣe ń jà ló ń wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ló ń wé mọ́ ọn lápá.

Àwọn méjèèjì wà nínú omi, omi sì ń fà wọ́n lọ. Jọọlá ń pè mí. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n mi!" Bó ṣe máa ń pè mí nígbà tó wà lọ́mọdé tí ìjì bá ń jà. Mabel ò pè mí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, omi ń wọ ọ́ lẹ́nu. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi ènìyàn sílẹ̀ nínú omi. Ọ̀tá ni, olè ni, á kọ́kọ́ dé inú ọkọ̀ ná kí á tó bá a ṣẹjọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Dùnníolúwa di ìró mi mú lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ tó ti jóná yẹn, kò jẹ́ kí n ṣubú.

Mo fa Mabel sókè. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, àwọn ìléfòó tí wọ́n so mọ́ àwọ̀n nìkan ló kù lójú omi.

Dùnníolúwa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù. Ó wà ní Igbókòdá báyìí lọ́dọ̀ obìnrin kan tí Mabel mọ̀ dáadáa, ó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ti ń mú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mabel ò sá fún Ìlú-Ìtùnú. Bí ojú egbò rẹ̀ ṣe jiná, tòun ti ìka méjì tí kò ká mọ́, ó padà wá, ó dúró níwájú ìjọ, ó ní, "Èmi ni mo so ọkọ̀ mọ́ ibi tí mo so ó mọ́. Àṣìṣe mi ni." Kò dárúkọ mi, bí ẹni pé ìlú ò mọ̀. Bó bá wá báyìí, gbogbo àkàbà ló ń so ọkọ̀ mọ́, láti ilé àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, ilé mẹ́tàdínlógójì, á kí wọn, á jókòó, ilẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kó tó lọ. Àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di alágbe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ láago ti ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn ìdílé wa ní Mabel ló pa Jọọlá. Wọ́n ní bí kò bá wá, kò ní ṣẹlẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá kọ ọ́ sínú ìwé pé omi ló gbé e. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan, nítorí wọ́n rò pé mo sa gbogbo agbára mi.

Ọjọ́ tí a parí ọ̀fọ̀, ìyá mi pè mí jókòó. Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́ dáadáa, ó fọwọ́ wá ojú mi títí tó fi kan ibi tí eyín ti bọ́. Ó ní, "Ṣìkẹ́mi, àwọn méjèèjì tó wà nínú omi, ta ló sún mọ́ ọ jù?"

Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní, "Jọọlá ni, Màámi. Ọwọ́ mi ti kàn án."